Ẹ̀rí Dáadáa tí Mo Jẹ́ Nípa Ayálégbé tí Mo Fẹ́ Kó Kúrò Nílé Mi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi lónìí, tó sì fún mi ní ìka tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Mo dúpẹ́ pé àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàyè, pé ilé tí ọkọ mi fi sílẹ̀ kò tíì wó, pé ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì láìgun ọ̀kadà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn láti kékeré níléèwé míṣọ́nnárì, pé kéèyàn tó béèrè ohunkóhun, kó kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo ti dúpẹ́. Ẹ̀yin ará orí pèéjì yìí, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ fún ẹnì kankan ní Ìwó níbí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ádímìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn.

Mo purọ́ nípa ayálégbé mi kan, ilé ẹlòmíràn sì jóná.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, opó ni mí pẹ̀lú. Ọkọ mi kọ́ ilé kan sọ́nà Olúpọ̀nnà, yàrá mẹ́jọ tó dojú kọra, mo ń gbé nínú méjì níwájú, mo sì ń fi ìyókù háyà. Láti ìgbà tó ti kú ni mo ti ń dá bójú tó àwọn ayálégbé, Ọlọ́run sì ràn mí lọ́wọ́, àwọn èèyàn mọ̀ mí sí onílé tí kì í ní wàhálà. Ìdí ni pé mi kì í gba èèyàn lórí fóònù. Mi kì í tìtorí pé ẹnì kan mọ orin ìjọ kí n wá fún un ní kọ́kọ́rọ́. Màá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, màá sì fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ibi iṣẹ́ náà lọ wò ó. Màá lọ bá onílé tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, màá jókòó, màá gba omi tí wọ́n bá gbé fún mi, màá mu ún, torí mo ti rí i pé ẹni tó bá dá èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà kì í sọ tinú ẹ̀. Gbogbo èyí ni pásítọ̀ wa gbọ́ tó fi ní kí n wá kọ́ àwọn ìyá ìjọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ilé lọ́wọ́ tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa yan ẹni tó máa gbé inú ẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ni. Mo ní kí wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ wá, mo pe ìbéèrè mẹ́fà tí wọ́n máa bi onílé tí ẹni náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n ń kọ ọ́ bí ọmọ iléèwé. Kí ló dé tó fi ń kúrò lọ́dọ̀ yín? Ta ló ń bá a gbé? Ṣé ó máa ń bá àwọn ará ilé jà? Kí ló máa ń kó sínú yàrá? Tó bá fẹ́ padà wá, ṣé ẹ máa gbà á? Ìkẹfà ni pé, ṣé ẹ lè sọ gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí níwájú Ọlọ́run? Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní, “Tíṣà, ṣé ayálégbé la fẹ́ gbà ni, àbí ọkọ la tún fẹ́ fẹ́?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé mi nígbà yẹn ni ẹni tí màá pè ní Akin, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó ń tún fóònù ṣe. Mo lọ wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bá onílé rẹ̀ àtijọ́ sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí mo rí tó burú. Tó bá rí mi, ó máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó máa gba kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ mi. Ó lo ọdún méjì láìsí wàhálà kankan. Àfìgbà tí epo bẹntiróòlù wá wọ́n, tí ìlà ilé epo gùn dé títì… ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra epo pamọ́, ó ń tà á fún àwọn ọlọ́kadà. Mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo mú káfíńtà wọlé kó lọ wo síìlì yàrá rẹ̀ ni mo rí kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ta aṣọ bò wọ́n. Mo bá a wí, ó bẹ̀ mí, ó kó wọn jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kó wọn padà. Mo tún bá a wí. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, kí ẹ̀yin onílé tó ń kà á gbọ́: ìwé àdéhùn wa ò sọ ohun tí èèyàn ò gbọdọ̀ kó sínú yàrá, ẹnu lásán ni mo ń fi sọ ọ́, ẹnu lásán ló sì fi ń dá mi lóhùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni iná wá sọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ń da epo látinú kẹ́ẹ̀gì kan sí òmíràn, obìnrin tó wà ní yàrá òdìkejì sì ń dáná lórí sítóòfù ní kọ́rídọ̀. A da iyanrìn sí i. Kọ́tìnnì jóná, ògiri dú, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lára. A kọ orin ọpẹ́ nínú ọgbà, èmi ni mo dá orin náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo sọ fún Akin pé kó wá ilé mìíràn, mo sì bẹ àwọn ayálégbé yòókù pé kí wọ́n má sọ ọ́ síta. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi bẹ̀ wọ́n? Kì í ṣe pé mo fẹ́ dáàbò bo Akin. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nínú ìjọ pé ilé Tíṣà tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan ayálégbé ló fẹ́ẹ́ jóná. Ìtìjú ni. Mi ò ní ìdí mìíràn.

Akin ní, “Mọ́mì, màá kó, màá kó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa gbà mí sílé tí ẹ bá dárúkọ epo? Tí ẹ bá fẹ́ kí n tètè lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ epo.” Mo kàn ń wo ògiri tó dú. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé mo gbọ́.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹnì kan fi wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìyá Dámi. Ó ń ta aṣọ lọ́jà, ìjọ kan náà la jọ wà, òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó ló ń gbé nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì fẹ́ fi yàrá kan háyà. Ó wà lára àwọn tó kọ ìbéèrè mẹ́fà yẹn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo gbé omi fún un, ó jókòó, ó mu ún tán. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, bí ẹ ṣe kọ́ wa ni mo ṣe ń ṣe é.” Ló bá yọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ṣí bírò. Ó ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ohun tí mo sọ. Ó bi mí pé kí ló dé tó fi ń kúrò, mo ní ó fẹ́ sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló máa ń kó sínú yàrá, mo ní ẹrù fóònù ni. Ẹrù fóònù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó bi mí bóyá mo máa tún gbà á, mo ní kí ló máa dí mi lọ́wọ́, ọmọ dáadáa ni. Nígbà tó kan ìkẹfà, ojú tì í díẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ti eléyìí, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kí n bi, ẹ má bínú.” Mo ní kó bi mí. Mo ní bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, níwájú Ọlọ́run.

Ṣé ẹ rí i pé ó fẹ́ fò ó? Ó fẹ́ fò ó, èmi ni mo ní kó má fò ó.

Akin kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kun yàrá náà, mo kun ògiri lẹ́ẹ̀mejì kí dúdú yẹn tó bò. Oṣù méje kọjá. Mo ń rí Ìyá Dámi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń béèrè pé ayálégbé yín ńkọ́, ó máa ń ní dáadáa ló wà, Ọlọ́run á bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó yẹ kí n sọ fún un nígbà yẹn. Ó yẹ kí n sọ pé kó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n mo ń sọ fún ara mi pé bóyá ó ti jáwọ́, bóyá epo ò wọ́n mọ́, bóyá, bóyá… Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, tí Ìyá Dámi wà lọ́jà, iná sọ nínú yàrá Akin. Akin sá. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó rí i, àwọn kan ní àwọn rí ẹni tó jọ ọ́ ní Kuta. Òrùlé ilé wọlẹ̀ láti ẹ̀yìn dé àárín. Àwọn ará àdúgbò ló gbé Màmá, ìyá Ìyá Dámi, jáde láti pálọ̀ tó ti ń sùn. Iná ti jó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo lọ sí ọsibítù. Gbogbo èèyàn ń sunkún. Mi ò sunkún. Mo ń ka táìlì tó wà lára ògiri, mo kà á dé orí mẹ́tàdínlógójì, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Dámi dì mọ́ mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má dá ara yín lẹ́bi o, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ.” Ó rò pé ọ̀dọ̀ òun ni Akin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ epo. Mo ní kí Ọlọ́run tù ú nínú. Mo lọ sílé, mo se ọbẹ̀, mo jẹun. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti kú nínú ara mi. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo ń gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ tí mo kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá Màmá sílẹ̀ ní ọsibítù, pásítọ̀ béèrè nínú ìjọ pé ta ló ní àyè tí ìyá àti ọmọ lè wà títí wọ́n á fi tún òrùlé kàn. Mo dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Yàrá kan ṣoṣo ló ṣófo nílé mi, ẹ̀yin náà ti mọ èyí tó jẹ́. Mi ò lè fún ẹlòmíràn láti ìgbà tí Akin ti kó jáde. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ra kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tuntun, mo tẹ́ ẹ, mo gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, wọ́n sì kó wọlé. Oṣù kẹta rèé. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Láràárọ̀ ni Ìyá Dámi máa ń kúnlẹ̀ kí mi kó tó lọ sọ́jà. Láràárọ̀ ni Màmá máa ń gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ti kákò sókè, á máa fi wọ́n súre fún mi, pé ẹni tó ṣí ilé fún òun, Ọlọ́run á ṣí ọ̀run fún un. Mo ń ṣe àmín. Ìyá Dámi tún wá sọ fún mi pé tí òrùlé bá ti parí, òun ṣì máa fi yàrá háyà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí èmi ni kí n bá òun yan ẹni náà, torí kò sí ẹni tí òun gbọ́kàn lé tó mi.

Ní ọjọ́ Túsìdé tó kọjá, ooru mú gan-an. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún Màmá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Tíṣà, yàrá wo ni ọmọkùnrin yẹn gbé nígbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ?” Mo ń fi ṣíbí ro ẹ̀kọ náà. Ó ní, “Èyí ni, àbí? Tí oòrùn bá ti mú báyìí, ilẹ̀ ibí yìí máa ń rùn bí ilé wa ṣe ń rùn kó tó jó. Mo kọ́kọ́ rò pé ara mi ni.” Mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Mi ò tíì sọ fún ọmọ mi. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Gbé ẹ̀kọ yẹn wá kó tó tutù.” Mo fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mu títí ó fi tán, torí ọwọ́ rẹ̀ ò lè di ṣíbí mú. Ó dúpẹ́. Ó súre fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin èèyàn, ó ṣì súre fún mi! Kí ni kí n rò ó sí?

Ìwé àkọsílẹ̀ Ìyá Dámi yẹn kò jóná, torí inú báàgì ọjà rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ náà. Ó máa ń gbé e sójú fèrèsé yàrá wọn. Lọ́sàn-án òní, nígbà tí Màmá sùn, mo wọlé lọ mú un. Mo ṣí i dé ojú ewé náà. Ó kọ ọ́ dáadáa, ìbéèrè ní bírò búlúù, ìdáhùn lábẹ́ rẹ̀. Tíṣà ní ẹrù fóònù ni. Tíṣà ní ọmọ dáadáa ni. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, níwájú Ọlọ́run. Mo mú bírò pupa tí mo fi ń ṣe máàkì nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́, mo fa ìlà sórí ìdáhùn mi, mo sì kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì epo mọ́kànlá. Iná sọ lọ́dọ̀ mi náà. Mo mọ̀. Mi ò lè gbà á padà. Ní ti ìkẹfà, mi ò mọ ohun tí màá kọ, mo kàn fa ìlà.

Ìwé náà wà lórí itan mi báyìí. Ìyá Dámi máa dé láti ọjà tó bá di nǹkan bí aago mẹ́fà.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe pé wọ́n á lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, tàbí pé pásítọ̀ á gbọ́. Ó dá mi lójú pé ẹ̀rù ìyẹn ò bà mí mọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ohunkóhun ṣì lè bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n mo mọ Ìyá Dámi. Tó bá kà á, ó máa gbé ìyá rẹ̀ jáde nínú ilé yìí lónìí, kò ní dúró di ọ̀la. Òrùlé wọn kù díẹ̀, wọn ò tíì kan páànù ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn Màmá ò tíì jinná. Níbo ni wọ́n máa lọ? Ṣé kí n dúró títí wọ́n á fi padà sílé wọn kí n tó sọ ọ́? Àbí irọ́ mìíràn ni mo tún ń wá, tí mo ń fi ẹ̀yìn Màmá ṣe àwáwí? Ṣé kí n fún un lọ́wọ́, àbí kí n dá a padà sójú fèrèsé kó fúnra rẹ̀ ṣí i? Ṣé kí n pe pásítọ̀ kó wà níbẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ wá ibòmíràn tí wọ́n lè wà, kí ibẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí n tó la ẹnu? Àwọn ará pèéjì, kí ni kí n ṣe? Ẹ má bẹ̀rù láti sọ ọ́ líle. Kò lè dùn mí.

Ẹ̀yin onílé tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n tún ohun tí mo kọ́ àwọn ìyá ìjọ ṣe, torí mo kọ́ wọn láṣìṣe. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ onílé tí ẹni náà ṣì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Bóyá onílé náà ló ń wá bí ayálégbé ọ̀hún ṣe máa lọ. Ẹ wá onílé tó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ẹni tí kò ní nǹkan kan láti jèrè tàbí láti fi pamọ́. Ẹ bá àwọn tí wọ́n jọ ń lo kọ́rídọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí onílé ò sí níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ò fẹ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì máa wọ yàrá wọn wò pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Tí ẹ bá wá bi èèyàn bíi tèmi ní ìbéèrè, tó sì yára dáhùn… tó ń rọ̀ yín pé kí ẹ má fo ìkẹfà… ẹ dìde, ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fi sùúrù kà á débí, kí Ọlọ́run tó mọ̀ mí dá ilé yín sí. Kí iná má dé ibi tí àgbà yín ń sùn. Kí Ó jẹ́ kí ẹni tí ẹ bá gbọ́kàn lé sọ òótọ́ fún yín. Ẹ dá mi lóhùn kí aago mẹ́fà tó lù.